Àwọn Ìwé Tí Mo Purọ́ Pé Mo Ti Kà

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, ìbéèrè kan jáde nínú ìdánwò lórí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Mo kọ ojú ìwé mẹ́rin gbáko lé e lórí. Mo ṣàlàyé ìrìnàjò lọ sí Òkè Láńgbòdó, mo dárúkọ Kàkó àti Ìmọ́dòye, mo fi ọ̀rọ̀ ìwà rere dé e lórí, máàkì tí mo gbà sì dùn mọ́ mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ìwé mọ́kànlá péré ni mo kà nínú ìwé náà. Inú ìwé àkékúrú tí wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ni mo ti rí ìyókù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà mọ ìwé àkékúrú ọ̀hún, àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti gboyè jáde ni wọ́n sì fi lé wa lọ́wọ́.

Ẹni tó tú mi láṣìírí kì í ṣe olùkọ́ kankan. Ìyá tó bí ìyá mi ni. Nígbà ìsinmi tó kọjá, iná kò sí, fóònù mi ti kú, mo jókòó sí ìta pẹ̀lú ìyá àgbà. Wọ́n bi mí pé kí ni à ń kọ́ gan-an ní yunifásítì láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń sanwó. Mo ní ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni, àti Yorùbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Yorùbá? Ṣé èyí tí à ń sọ lẹ́nu yìí náà ni? Ó dáa, lọ mú èyí tí wọ́n kọ́ ẹ wá, kà á kí n gbọ́." Mo wọlé, mo mú Ògbójú Ọdẹ jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Kí n tó parí ojú ìwé kìíní, wọ́n ti dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka àwọn ìwé tí mo ti ń yangàn pé mo mọ̀. Mo fi àwọn ìwé tuntun mélòó kan kún un, àti àwọn ìwé aláwòrán tí gbogbo wa ń pè ní kọ́míìkì. Mo fẹ́ sọ èyí tó dùn mọ́ mi àti èyí tó sú mi, kí n sì ṣàlàyé ìdí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn gbogbo wọn: ṣé mo lè gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn inú rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi ń kọsẹ̀. Mo rò pé ojú ló ń dùn mí. Kì í ṣe ojú. Àmì ohùn ni n kì í kà. Ẹ rò ó wò: láti àárọ̀ dalẹ́, Yorùbá tí à ń tẹ̀ ránṣẹ́ síra wa lórí WhatsApp kò ní àmì kankan lórí. Ojú wa ti mọ́ ọn lára láti wo lẹ́tà lásán, kí ọpọlọ fi ọgbọ́n orí kún ìyókù. Tí a bá wá bá àmì pàdé nínú ìwé, ojú á fò ó bí ẹni pé eruku ló bà lé e. Mo rí igbá, mo kà á sí ìgbà. Mo rí ọ̀kọ̀, mo kà á sí ọkọ, ọdẹ inú ìtàn sì wá di ẹni tó mú ọkọ lọ́wọ́ wọ inú igbó. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọn kò kàwé kọjá kíláàsì kejì, àmọ́ wọ́n gbọ́ àṣìṣe mi kí èmi tí mo lè ya àtẹ fáwẹ́lì láìwo ìwé tó gbọ́ ọ.

Ó tó ọjọ́ mẹ́rin kí ẹnu mi tó là. Nígbà tó là tán, mo rí i pé ìwé mìíràn pátápátá ni Ògbójú Ọdẹ jẹ́, kì í ṣe èyí tí mo kọ nípa rẹ̀ nínú ìdánwò.

Ọdún 1938 ni Fágúnwà tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pè é ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas ń kọ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930 ti ṣáájú rẹ̀. Ohun tí ìwé àkékúrú kì í sọ ni pé ìwé náà ń pa ni lẹ́rìn-ín. Àkàrà-Oògùn ń fọ́nnu, ẹ̀rù sì ń bà á, nígbà mìíràn nínú gbólóhùn kan náà. Nígbà tó bá Agbákò pàdé, iwin olójú mẹ́rìndínlógún, n kò lè dá ìwé náà dúró. Gbólóhùn Fágúnwà gùn, òótọ́ ni. Ó máa ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, ó dìde, ó bọ́ síta, ó gbé apó, ó bá ọ̀nà lọ, títí tí ẹni tó ń fojú lásán kà á yóò fi sú. Ẹni tó ń kà á sókè ni kì í sú, nítorí èémí mọ ibi tó yẹ kó ti já, eré tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń sá sì ń di eré tí ọdẹ ń sá. Ìwé etí ni. Ojú ni àwa fi ń kà á, a wá ń sọ pé ó le.

Ibi tó ti sú mi ni ilé Ìrágbèje. Àwọn ọdẹ ti rìn títí, wọ́n ti jà, wọ́n ti kú díẹ̀, wọ́n dé ọ̀dọ̀ ọlọ́gbọ́n kan, ó wá ń fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wàásù fún wọn. Mo ní kí n fò ó. Ìyá àgbà ní n kò gbọ́dọ̀ fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ní "ọ̀rọ̀ nìyẹn," wọ́n tilẹ̀ ní kí n tún ibì kan kà nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń kọjá lọ. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà, ó gùn jù. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí pé àwọn tí a kọ ọ́ fún kò kà á sí ìdádúró ìtàn. Ìdí tí wọ́n fi wá gbọ́ ìtàn nìyẹn.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú ìwé náà kò sí ní ilé Ìrágbèje. Ó wà níbi tí Kàkó ti fẹ́ bá àwọn ọdẹ yòókù lọ. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn pé òun kò ní jẹ́ kó lọ, Kàkó pa obìnrin náà, ó sì bá ọ̀nà lọ. Ìtàn kò dúró. Àwọn ọdẹ kò ta á nù láàárín wọn. Mo ka ibẹ̀ tán, ìyá àgbà dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ló wá sin ín?" N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Nínú ojú ìwé mẹ́rin tí mo kọ lọ́dún kejì, mo ti fi Kàkó ṣe àpẹẹrẹ ìgboyà. Mo gba máàkì lórí rẹ̀. Obìnrin yẹn kò sí nínú ìwé àkékúrú, nítorí náà kò kú rárá lójú tèmi. N kò sọ pé ká má ka Fágúnwà mọ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti ọdún mẹ́ta tí a ti ń yin ìwé yìí ní kíláàsì, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa dárúkọ ikú yìí rí, mo sì rò pé ìdí rẹ̀ ni pé a kò kà á débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tó tilẹ̀ ní òun ka Fágúnwà, Ṣóyínká ni wọ́n kà. Ìtumọ̀ tó ṣe ní 1968 ni mò ń sọ, The Forest of a Thousand Daemons. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn bí orin. Ṣùgbọ́n irinwó ló wà nínú irúnmalẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan kọ́, ẹni tó bá ti rí èyí mọ̀ pé Ṣóyínká kò tẹ̀lé Fágúnwà ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan. Ọ̀tọ̀ ni ìwé rẹ̀. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ má kàn pè é ní èyí tí kì í ṣe.

Lẹ́yìn Fágúnwà, mo mú Àjà Ló Lẹrù, tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ̀ jáde ní 1969. Lọ́jọ́ kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyá àgbà ló ń pè mí. Wọ́n á ti gbé àpótí síta kí n tó jẹun tán. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ń tọpa àwọn ọ̀daràn, Tàfá Ìgíripá sì ń bá a rìn, ẹni tí n kò ní fi àpò owó mi ṣọ́ láéláé. Kò sí iwin, kò sí Òkè Láńgbòdó. Ojú títì, ọkọ̀, owó àti irọ́ ni.

Ohun tí Òkédìjí mọ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò mọ̀ ni bí Yorùbá ṣe ń jà. Ẹ fetí sí ìjà ní ibi tí ẹ bá wà lónìí. Ẹni tó ń jà kì í sọ gbólóhùn pọ́ńbélé. Kì í sọ pé "o jí owó náà." Á ní "ìwọ lo jí i." Ẹnì kejì kì í dáhùn pé "n kò jí i," á ní "èmi? Ṣé èmi ni mo wá jọ olè lójú rẹ?" Gbólóhùn alátẹnumọ́ nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wa ní kíláàsì pẹ̀lú igi gbólóhùn àti ọfà. A gbé ẹni náà wá síwájú, a fi "ni" dè é mọ́bẹ̀, kó má baà rí ibi sá sí. Mo gba kíláàsì yẹn kọjá láìmọ ohun tí "ni" wà fún. Ẹnu Lápàdé àti Tàfá ni mo ti wá gbọ́ ọ bó ṣe ń gún ènìyàn. Àwọn méjèèjì lè fi ọ̀rọ̀ bú ara wọn títí tí èébú yóò fi di ìfẹ́.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Òwe pọ̀ jù. Nígbà mìíràn ewu ti dé ọrùn, ẹnì kan á ṣì rí àyè pa òwe kan, á tún fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Mo sọ èyí fún ìyá àgbà, wọ́n ní èmi ni n kò mọ bí ẹ̀rù ṣe ń mú àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe.

Ó Le Kú, ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó jáde ní 1974, kò gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe lórí rẹ̀ ní 1997 mọ ìtàn náà: Àjàní ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyàwó ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀, Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀, Lọlá wà níbẹ̀, Ṣadé wà níbẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn Àjàní. Mo kórìíra rẹ̀. Ó ju ìgbà kan lọ tí mo ju ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ohun tó dé bá àwọn ọmọbìnrin yẹn, nítorí pé ẹnì kan kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Ọmọ yàrá mi ní kí n yé pariwo, pé Àjàní mẹ́ta ló wà ní kíláàsì wa, pé mo tilẹ̀ ń yá ọ̀kan nínú wọn ní ìwé nóòtì mi. Ìyẹn náà ló ń bí mi nínú. Ìṣọ̀lá kò ṣe ọmọkùnrin náà ní ènìyàn burúkú. Ó fún un ní ẹnu dídùn, ẹnu ọmọ yunifásítì tó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣàwàdà àti ìgbà tó yẹ kó sọ ohùn kalẹ̀, ìwọ tó ń kà á á sì máa gbà fún un títí dìgbà tó bá pẹ́ jù. Mo ka díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìyá àgbà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fẹ́ kó ìtìjú bá mi, mo fo ìlàjì ojú ìwé. Wọ́n ní, "Padà síbi tó o ti fò yẹn."

Ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ ìyá àgbà wàyí, nítorí ibi tí mo dé yìí, àwòrán ni. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kíláàsì ló yá mi ní Iyanu: Child of Wonder. Roye Okupe ló kọ ọ́, Godwin Akpan ló yà á, ilé iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà sì tẹ apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2021. Ní 2025 ó ti di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin aláìlóbìí kan ni Ìyanu, agbára kan sì fara hàn lára rẹ̀. Àwòrán rẹ̀ dára. Aṣọ, irun, ilé, àwọ̀ ilẹ̀, mo lè sọ pé ẹni tó mọ wa ló yà á. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ.

Mo gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kan kò jẹ́ kí n sùn. Obìnrin tó ń tọ́ Ìyanu dàgbà, bí wọ́n ṣe kọ orúkọ rẹ̀ ni Olori. Èwo nínú rẹ̀? Ṣé Olórí ni, ẹni tó ṣáájú àwọn yòókù, àbí Olorì, ìyàwó ọba? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Tó bá jẹ́ Olorì, oyè ni, ọmọ lè fi pè é láìsí pé ó rí ìyá náà fín. Tó bá jẹ́ orúkọ lásán, ọmọ Yorùbá wo ló ń la orúkọ mọ́ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lórí? Á fi "ìyá" tàbí "màmá" ṣáájú rẹ̀. Àmì ohùn ni ìbáṣepọ̀ àwọn méjèèjì rọ̀ mọ́, kò sì sí lórí ìwé.

Mo wá dán an wò: mo mú ojú ìwé méjì, mo gbìyànjú láti tú u sí Yorùbá fún ara mi. Iṣẹ́ ńlá! Ohun àkọ́kọ́ tó dá mi dúró ni "ẹ" àti "o". Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ba gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀. Yorùbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí Bíyí tó lè sọ ẹyọ gbólóhùn kan fún Tóyè, mo ní láti mọ ẹni tó jù nínú àwọn méjèèjì, àti bóyá wọ́n ti mọ ara wọn tó láti fi ẹ̀yẹ sílẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé kò pinnu, atúmọ̀ gbọ́dọ̀ pinnu rẹ̀, ó sì lè pinnu rẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Èkejì ni àpò ọ̀rọ̀, ìyẹn ohun róbótó funfun tí wọ́n máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ààyè inú rẹ̀ kéré, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ju méjì mẹ́ta lọ. Nínú ìtàn bíi ti Fágúnwà, tí àmì bá tilẹ̀ sọnù lórí ọ̀rọ̀ kan, ogún ọ̀rọ̀ tó yí i ká á ṣàlàyé rẹ̀. Nínú àpò ọ̀rọ̀ kò sí olùrànlọ́wọ́. Ẹ wo "o gba mi" láìsí àmì. Ó lè jẹ́ "ó gbà mí," ó yọ mí nínú ewu. Ó lè jẹ́ "ó gbá mi," ó fọwọ́ kàn mí létí. Ọkùnrin tó na ọwọ́ sí ọmọdé nínú àwòrán lè máa ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ẹ sì kíyè sí "mi" fúnra rẹ̀: lẹ́yìn gbá tó ní ohùn òkè, ohùn rẹ̀ wà láàárín, lẹ́yìn gbà tó ní ohùn ìsàlẹ̀, ó gòkè. Ohùn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ kí etí má baà ṣì í gbọ́. Tí a bá yọ àmì kúrò, a ti yọ olùgbèjà kúrò lára ẹlẹ́jọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kọ́míìkì ló nílò àmì ohùn jù nínú gbogbo ìwé, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń yà á máa ń sọ fún mi pé àmì á ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.

Ohun tó yẹ kó dùn mọ́ ayàwòrán kọ́míìkì nínú Yorùbá ni ìró. Ohun tó wúwo já lulẹ̀, gbì. Ohùn fúnra rẹ̀ ń yàwòrán: nǹkan ńlá rí rògòdò, kékeré rẹ̀ rí rógódó, lẹ́tà kan náà ni, ohùn ìsàlẹ̀ ló mú un tóbi, ohùn òkè ló sọ ọ́ di kékeré. Èdè wo ló tún ní irú ọrọ̀ yìí tí kò ní ná an?

A ti ná an rí. Nínú páálí kan nílé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo rí Atọ́ka mẹ́rin, èèpo ẹ̀yìn méjì nínú wọn ti ya. Ìwé aláwòrán tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjò ń ṣe ni, láti ìparí àwọn ọdún 1960: fọ́tò gidi ni wọ́n ń yà fún àwọn òṣèré, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Èmi kò fẹ́ràn gbogbo ìtàn inú rẹ̀. Obìnrin burúkú pọ̀ níbẹ̀, ìyà sì ń jẹ wọn bí ẹni pé òfin ni. Eré sísá nínú fọ́tò sì dà bí ìdúró. Ṣùgbọ́n ìṣòro "ẹ" àti "o" kò sí níbẹ̀ rárá. Òṣèré ti dọ̀bálẹ̀ tàbí ti kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì méjì ló kù. Tomi Adeyemi, tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tẹ Children of Blood and Bone jáde ní 2018. Ó ti sọ pé Salvador ní Brazil lòun ti kọ́kọ́ rí àwòrán àwọn òrìṣà, ọ̀nà náà jìn kó tó padà dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn náà ń sáré, mo kà á mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ni Tzain? Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tò tẹ̀léra nínú sílébù Yorùbá. Àwa la sọ school di súkúù nítorí rẹ̀. A kò sì ní z. Orílẹ̀-èdè inú ìwé náà ń jẹ́ Orïsha, tòun ti tótó méjì lórí i, àmì tí kò sí nínú akọtọ́ wa, tí kò sì sọ ohùn kankan. Èyí ń pa mí lẹ́rìn-ín, kò bí mi nínú.

Ohun tó kàn mí ni ibi tí Yorùbá ti ń yọ nínú ìwé náà. Ọfọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń ṣe. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pe ẹ̀mí, Yorùbá á dé, tòun ti àmì rẹ̀ pé pérépéré. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra iyọ̀, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n ń tage, Gẹ̀ẹ́sì ni. Àwọn ọfọ̀ náà sì dà bí àdúrà ju ọfọ̀ lọ. Ọfọ̀ wa máa ń fi ìró orúkọ nǹkan ṣiṣẹ́: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi ń wúre kí ènìyàn má tẹ́, ohùn tó yàtọ̀ láàárín tẹ̀tẹ̀ àti tẹ́ sì ni àwàdà àti agbára ibẹ̀. Ẹni tó mọ èdè fún ọjọ́ ọjà nìkan ló lè bá a ṣeré lọ́jọ́ ọfọ̀. N kò bínú sí Adeyemi. Ó kọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọdé tó ń kà á lókè òkun á gbà pé èdè àwọn òkú ni èdè tí èmi àti ìyá àgbà fi ń jà lórí ìwé.

A Spell of Good Things tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ tẹ̀ jáde ní 2023 ṣe ìdàkejì rẹ̀. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ti pàdánù iṣẹ́ olùkọ́, dókítà ọ̀dọ́ kan tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń lù ú. Ẹniọlá àti Wúràọlá ni orúkọ wọn, àmì wọn sì wà lórí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ó ba ọkàn mi jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdajì kìíní rẹ̀ falẹ̀ díẹ̀. Ẹ kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọdún kejì kan kan ilẹ̀kùn yàrá mi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé mo ní ìwé àkékúrú lórí àwọn ìtàn àròsọ tí wọ́n fẹ́ fi dán wọn wò. Mo ní in, ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ fún un pé mo ti sọ ọ́ nù, irọ́ mìíràn nìyẹn, mo sì gbé Àjà Ló Lẹrù fún un. Ojú rẹ̀ kò dùn nígbà tó ń lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, ó tún kan ilẹ̀kùn, ó ń wá Àgbàlagbà Akàn, ìtàn Lápàdé tó tẹ̀lé e, tó jáde ní 1971. N kò ní in. Mo ti wá a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, n kò rí i. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, tí ó bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ àwọn olóòtú. Ẹni mẹ́ta ló wà lórí ìlà, ìyá àgbà ló sì wà níwájú.